Ìwé Agbára Aṣojú Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ìmọ̀ Májèlé

Port Harcourt jẹ́ ìlú omi. Òjò kì í jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ pẹ́ títí, ẹrẹ̀ àti ọ̀sà sì yí i ká láti Borokiri títí dé Eagle Island. Nítorí náà, iṣẹ́ apakòkòrò kì í ṣe iṣẹ́ àfipawọ́ níbẹ̀. Ikán kò yé jẹ igi òrùlé, eku kò yé jẹ àpò oúnjẹ ní ọjà Mile 1 àti Mile 3, ẹ̀fọn kò sì mọ ọlọ́rọ̀ GRA yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù etí omi. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìtura, ilé ìwòsàn, ilé ìkẹ́rùsí ní Trans-Amadi àti ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ epo kò lè ṣàì máa pe àwọn tó ń fín oògùn. Owó ń bẹ nínú iṣẹ́ náà, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó dá a sílẹ̀ kì í fẹ́ kí ó kú nígbà tí ìrìn-àjò, àìlera tàbí ọjọ́ ogbó bá kàn án. Yóò lọ bá agbẹjọ́rò, yóò fọwọ́ sí ìwé agbára aṣojú, yóò kọ orúkọ àbúrò, ìyàwó, ọmọ tàbí akọ̀wé rẹ̀ sínú rẹ̀, yóò sì wọ bàálù lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ sí ọwọ́ rere. Òfin fàyè gba ìwé bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn yìí kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí ó bá dúró sí ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ náà nìyí: àṣẹ lórí owó, lórí ìwé àti lórí ìdúnàádúrà ni ènìyàn lè fi lé aṣojú lọ́wọ́, ìmọ̀ bí a ti ń lo májèlé nínú ilé tí ọmọ ènìyàn ń sùn sí kò ṣeé fi ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹrù ohun tí májèlé náà bá sì ṣe kò kúrò lọ́rùn ẹni tó fọwọ́ sí ìwé nítorí pé ó ti fọwọ́ sí i.

Kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé náà lè ṣe. Àṣà wa yin ẹni tí a rán níṣẹ́ ẹrú tí ó fi tọmọ jẹ́ ẹ: ìránṣẹ́ tó mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀, tó sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti dákẹ́. Òfin ìwé agbára aṣojú kò bá àṣà wa rìn níbẹ̀. Ohun tí ìwé sọ ni aṣojú lè ṣe. Ohun tí ìwé kò sọ, kò lè ṣe é, bó ti wù kí èrò rere pọ̀ tó nínú ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 1893, nígbà tí ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Bryant, Powis and Bryant dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀n, agbára tó gbòòrò ni aṣojú tí ilé-iṣẹ́ náà fi sí Quebec ní Kánádà ní lọ́wọ́ láti rà, láti tà àti láti wọ àdéhùn ní orúkọ wọn. Síbẹ̀ àwọn adájọ́ sọ pé agbára láti yá owó kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé ìwé náà kò fún un. Ẹ fi èyí wo ilé-iṣẹ́ apakòkòrò. Aṣojú gba iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ ilé ìtura kan, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ kò tó, ó wá lọ yá owó ní báńkì ní orúkọ ilé-iṣẹ́ láti ra òmíràn. Ọgbọ́n ọmọ ló lò, ṣùgbọ́n bí owó kò bá wọlé bó ti rò, ẹni tó wà lókè òkun yóò sọ pé òun kò rán an ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, aṣojú yóò sọ pé ìwé òun ní kí òun bójú tó ohun gbogbo, báńkì yóò sì máa wá ẹni tí yóò san gbèsè láàárín àwọn méjèèjì. Gbólóhùn tó ní kí aṣojú ṣe ohun gbogbo tí olóhun ì bá ṣe, èyí tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti fi parí ìwé wọn, kì í gbòòrò tó bí wọ́n ti rò. Àwọn iṣẹ́ tí ìwé kà sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ń pààlà fún un. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ti mú aṣojú rẹ̀ yí ká láàárín àwọn oníbàárà, tó ní ohun tí ẹ bá fún lágbájá, èmi ni ẹ fún, kò lè padà wá sọ pé àdéhùn ìkọ̀kọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì tí kò fún un láṣẹ láti gba owó. Oníbàárà tó san owó ti san án.

Ohun tí ìwé náà kò lè ṣe ni ó ń fa ìjà jù, kò sì yẹ kí Port Harcourt tún máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí láti Ìpínlẹ̀ Rivers gan-an ni ẹjọ́ tó yanjú rẹ̀ ti jáde. Ní ọdún 1993, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Ude àti Nwara, Adájọ́ Nnaemeka-Agu ti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé ìwé agbára aṣojú kì í gbé ohun-ìní láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó kàn ń fún aṣojú láṣẹ láti ṣe àwọn iṣẹ́ kan ní ipò ẹni tó fún un, ní orúkọ ẹni náà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí nínú ẹjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò mọ sí orí ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ apakòkòrò lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, tí kò fẹ́ wàhálà àyípadà orúkọ ní Àjọ CAC tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò fẹ́ kí àwọn agbowó-orí mọ̀ pé ìtajà ṣẹlẹ̀, tó wá san owó, tó gba ọkọ̀, ẹ̀rọ ìfínkòkòrò, ìwé àwọn oníbàárà àti ìwé agbára aṣojú dípò ìwé ìrajà, kò tíì ra nǹkan kan tí ó lè fi hàn ní ilé-ẹjọ́ ju pé ẹnì kan rán an níṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ṣì jẹ́ ti ẹni tó lọ. Bí ẹni náà bá kú, agbára aṣojú lásán kú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ olóògbé yóò sì dé pẹ̀lú ìwé ilé-ẹjọ́ láti gba ohun tí baba wọn fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé bí a bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ṣeé fagi lé, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1882, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti inú Ìlà-Oòrùn àtijọ́, fàyè gba agbára tí kò ṣeé fagi lé bí aṣojú bá san ohun tó níye lórí gbà á. Bí kò bá sí irú owó bẹ́ẹ̀, ọdún kan péré ni òfin náà lè dì í mú mọ. Ẹni tó san owó, nígbà náà, kí ó jẹ́ kí ìwé sọ pé òun san owó, kí ó sì gba ìwé ìrajà pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi owó-orí pa mọ́ lábẹ́ ìwé aṣojú ń fi owó tirẹ̀ gan-an pa mọ́ síbi tí òun náà kò ti ní lè rí i gbà.

A kò lè sọ̀rọ̀ nípa olóhun tí kò sí nílé ní Port Harcourt kí a má rántí ohun tí ojú ìlú náà ti rí. Oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀, ogun abẹ́lé sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje. Nígbà tí ogun fi máa parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ Igbo tó ti kọ́ ilé síbẹ̀ ti di ẹni tí ìjọba ń pe ohun-ìní rẹ̀ ní èyí tí a pa tì. Òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ní 1969 fi àwọn ilé náà sí abẹ́ àbójútó àwọn tí ìjọba yàn, òfin ìjọba ológun àpapọ̀ ní 1979 sì ti títà wọn lẹ́yìn. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná láàárín àwọn tí ó kàn, ìwé ìròyìn yìí kò sì fẹ́ tún un dá. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ìlú tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí, kò sí ẹni tó lè dá olóhun lẹ́bi pé ó fẹ́ kí orúkọ ènìyàn rẹ̀ wà lórí ìwé kí ó tó kúrò nílé. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó mú ni kọ ìwé ní kíákíá náà ló ń mú ni kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, tí a fi ń gbé gbogbo agbára fún ẹnì kan ṣoṣo láìsí òpin, láìsí ìṣirò, láìsí ẹni tí yóò máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn wà tí a fẹ́ tọ́ka sí ní ṣókí. Ẹni tó forúkọ òwò sílẹ̀ lásán lè dá fọwọ́ sí ìwé agbára aṣojú, nítorí pé ní ojú òfin, òun àti òwò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńpìnnì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni ọ̀tọ̀ ni òun fúnra rẹ̀, ìpinnu àwọn olùdarí rẹ̀ ni ó sì ń yan aṣojú fún un, kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹni tó ni ìpín nínú rẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ó tún fi kún iye àwọn tó rò pé àwọn ni kọ́ńpìnnì, tí wọ́n ń fi orúkọ ara wọn fún àbúrò ní agbára lórí àpò owó tí kì í ṣe tiwọn. Báńkì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà, aṣojú yóò sì jókòó láìrówó san fún àwọn òṣìṣẹ́.

Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ta aṣọ tàbí ẹni tó ń ta símẹ́ńtì. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ apakòkòrò yàtọ̀, tí a sì fi rò pé ó yẹ kí a dúró lé e lórí, ni ohun tó wà nínú agolo. Àwọn kan nínú àwọn oògùn tí a ti ń fín sí ilé láti ọjọ́ pípẹ́, dichlorvos àti chlorpyrifos láàárín wọn, wá láti inú ẹbí kan náà, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà pa aáyán kò yàtọ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pa ọmọ ọwọ́: wọ́n ń dí iṣẹ́ èròjà tó ń jẹ́ kí iṣan sinmi lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́, itọ́ yóò máa dà, ọmọlójú yóò kéré bí orí abẹ́rẹ́, èémí yóò sì ṣú. Dókítà ní oògùn atropine fún un, bí a bá tètè gbé aláìsàn dé, bí ẹni tó gbé e dé bá sì mọ orúkọ ohun tí wọ́n fín sí yàrá náà. Ìṣù aluminium phosphide tí àwọn kan ń jù sí àárín ẹrù láti fi pa eku àti kòkòrò inú ọkà ní ìwà tirẹ̀: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kí ó tú gáàsì olóró jáde, ọ̀rinrin kò sì wọ́n rárá ní Port Harcourt. Gáàsì náà kò ní dúró sí ibi tí a jù ú sí. Yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ihò ògiri dé yàrá ẹni tí kò mọ̀ pé aládùúgbò òun pe apakòkòrò. Mélòó nínú àwọn ìwé agbára tí à ń kọ ni ó sọ ẹni tí yóò pinnu iye wákàtí tí ìdílé kan gbọ́dọ̀ fi kúrò nílé? Ìwé náà kò sọ ẹni tó gbà á di ẹni tó lè ka àkọlé ara agolo.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba kò fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993 fi àbójútó kẹ́míkà sí abẹ́ rẹ̀. Òfin ọdún 2002 dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn wolé-wolé ìgbàlódé sílẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ pípa kòkòrò àti eku wà lára ẹ̀kọ́ wọn. NESREA dé ní 2007 láti máa ṣọ́ àyíká. Àwọn òfin wọ̀nyí kò sì dúró sójú kan. Ní 2019, NAFDAC fi òfin de ìgò kékeré dichlorvos, nítorí pé májèlé tí a ṣe fún oko ti di ohun tí ọmọdé lè rà ní ìsọ̀, tí àwọn ọlọ́jà kan sì ń fín sí ẹ̀wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kéde òpin paraquat ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 àti ti chlorpyrifos ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dà oògùn ikán sí ìpìlẹ̀ ilé rí yóò mọ ohun tí orúkọ kejì yẹn túmọ̀ sí fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yóò gbọ́, yóò sì wá òmíràn tó bófin mu. Àbúrò tó jẹ́ pé ilé ìfowópamọ́ ló ti ṣiṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ìwé lé e lọ́wọ́, níbo ni yóò ti gbọ́? Yóò máa ra ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rà tẹ́lẹ̀, bí ó bá sì ṣọ̀wọ́n ní ọjà, yóò rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní kọ̀rọ̀, láìsí àkọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé kí a kúkú fi kòkòrò sílẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku gbé kiri pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó láti 1924 wá, àìsàn Lassa tí a dá mọ̀ ní 1969 ṣì ń ti ara eku wọ ilé wa títí di òní. A nílò àwọn apakòkòrò tó mọṣẹ́. Nítorí pé a nílò wọn ni a kò fi gbọ́dọ̀ gbà kí ìwé kan tí agbẹjọ́rò tẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan máa rọ́pò wọn.

Bí ohun burúkú bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò dáhùn? Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, òfin sì bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ lórí èyí: ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ni yóò san owó gbà-máà-bínú fún àìbìkítà tó wáyé nínú iṣẹ́ tí ó fún aṣojú ṣe, ìbáà jẹ́ Houston ló wà, ìbáà jẹ́ Manchester. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ìyà. Ní òru ọjọ́ kejì mọ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1984, gáàsì tú jáde ní ilé-iṣẹ́ oògùn apakòkòrò ti Union Carbide ní Bhopal ní Íńdíà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Amẹ́ríkà ni olórí kọ́ńpìnnì àgbà, Warren Anderson, wà. Ó lọ sí Íńdíà, wọ́n mú un, wọ́n gba onídùúró rẹ̀, ó sì padà sílé, kò sì yọjú sí ìgbẹ́jọ́ títí ó fi kú ní 2014. Àwọn ọmọ Íńdíà tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ náà ni ilé-ẹjọ́ Bhopal dá lẹ́bi ní 2010. Bhopal tóbi ju ohun tí ilé-iṣẹ́ apakòkòrò kan ní D-Line lè dá sílẹ̀ lọ, a mọ̀; ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ gbà kò yàtọ̀. Owó lè wá láti òkèèrè, ọwọ́ ẹni tó wà nílé ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa kan aṣojú náà ju bí ó ti rò lọ. Ẹni tó gba irú ìwé yìí nítorí ojú àánú ẹ̀gbọ́n, tàbí nítorí owó oṣù tí wọ́n fi kún un, kí ó mọ̀ pé kò sí gbólóhùn kankan nínú ìwé náà tó lè bò ó bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ fín yàrá láìsí ìbòmú àti ìbọ̀wọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí ìwé náà kéré, kí ó sì ṣe kedere. Kí ó dárúkọ báńkì tí aṣojú lè bá lò, iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá láìjẹ́ pé olóhun fọwọ́ sí i, irú àdéhùn tí ó lè wọ̀, bóyá ó lè gba òṣìṣẹ́ tàbí kí ó dá wọn dúró, bóyá ó lè yá owó tàbí kò lè yá, àti ọjọ́ tí agbára náà yóò parí. Kí ó sọ ìgbà tí yóò máa ṣe ìṣirò, àti fún ta ni. Lẹ́yìn náà, kí ìwé ọ̀tọ̀ wà fún iṣẹ́ májèlé, tí yóò dárúkọ ẹni tó ní ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ rẹ̀, tí aṣojú kò ní lè pàṣẹ fún lórí ohun tí a ó fín, iye tí a ó fín àti ìgbà tí ènìyàn lè padà wọlé. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ẹnì kan náà, a dúpẹ́. Bí wọn kò bá jẹ́ ẹnì kan náà, kí owó má ṣe ọ̀gá lórí ìmọ̀. Ẹni tó wà lókè òkun lè fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ níwájú nòtárì tàbí ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà níbi tí ó wà. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà kí ilé-ẹjọ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí èyí tí a fọwọ́ sí bó ti yẹ, àyàfi bí ẹnì kan bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ gba agbára padà, kò tó kí ó sọ fún aṣojú lórí fóònù. Kí ó kọ ọ́, kí ó fi ránṣẹ́ sí báńkì àti sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, nítorí ẹni tí kò mọ̀ pé agbára ti kúrò lọ́wọ́ aṣojú lè máa bá a lò lọ, kí gbèsè náà sì jẹ́ ti olóhun.

Àwọn agbẹjọ́rò kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tí a kọ fún títa ilẹ̀ ní Rumuola ni a ń yí orúkọ inú rẹ̀ padà fún ilé-iṣẹ́ apakòkòrò, tí a sì ń gba owó iṣẹ́ lé e lórí; ẹni tó bá kà á yóò rí agbára láti pín ilẹ̀ sí pùlọ́ọ̀tì, kò ní rí ọ̀rọ̀ kan nípa kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó oògùn sí. Irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ kò yẹ ẹni tó wọ aṣọ amòfin. A ké sí NAFDAC àti ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìmọ́tótó àyíká pé kí wọ́n má ṣe gba ìwé agbára aṣojú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìmọ̀ ní ọ́fíìsì wọn kankan, kí wọ́n sì béèrè, nígbà tí ẹni tó ni ìwé àṣẹ bá ti kúrò ní Nàìjíríà, ta ni ó ń po oògùn. Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin olùdarí ilé-ìwé, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé oúnjẹ, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ìwé méjì kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìfínkòkòrò kọ́rùn: èyí tó fún un láṣẹ láti gba owó yín, àti èyí tó fi hàn pé ó mọ ohun tó fẹ́ fín. Bí ó bá mú ọ̀kan wá tí kò mú èkejì, ẹ má jẹ́ kí ó wọlé. Olóhun tó sì fẹ́ rìnrìn àjò, tí kò rí ẹni tó mọ̀ nípa májèlé tó lè fi iṣẹ́ náà fún, kí ó gba gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ nípasẹ̀ aṣojú rẹ̀, kí ó san owó àwọn òṣìṣẹ́, kí ó ti ilé-iṣẹ́ náà pa títí yóò fi dé.